Wáyà Kẹfà

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni tíkẹ́ẹ̀tì.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fà á lé ọmọ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́,
torí ẹni tí a tìtorí ẹ̀ pé jọ,
Líàdì Ọ̀ṣúndínà, onígìtá Alékúwodò,
gbèsè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà mi ló gbé wọ sàréè:
owó sípíkà tí mo tún ṣe fún un
lọ́dún tí àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù mi.
Ó jẹ mí, ó kú. Mo tún sanwó wọlé
wá gbọ́ orin ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.
Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni, lẹ́yìn títì Ayétòrò.
Ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ṣì wà lára pátákó:
yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú ogójì.
Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn.
Orí bẹ́ǹṣì iwájú ni Àrínọlá jókòó sí,
ọmọ ọdún mẹ́wàá, súwẹ́tà lọ́rùn nínú ooru,
kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, bíi ti Líàdì.
Alága ètò pè é ní Àríkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì;
ìyá ẹ̀ tún un ṣe láti orí ìjókòó;
ọmọ náà ò tiẹ̀ gbójú sókè,
géèmù ló ń ta lórí fóònù.

Àwọn ọmọ Òkè-Fìà ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo,
bàtà wọn ń dán ju ohùn wọn lọ.
Àwọn ti Ògo-Olúwa tẹ̀ lé wọn,
wọ́n fi fèrè mẹ́ta há orin tí Líàdì fi ìka méjì ta.
Kò burú. Orin náà ni, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pé,
àmọ́ ó kún jù, bí ìkòkò tó ń hó dà síná.
Mo ń wo gìtá wọn: wáyà mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà.

Márùn-ún ni ti Líàdì.
Kẹfà, èyí tó nípọn jù, já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ìkirun
níbi ìkómọ kan tí wọn ò ti sanwó,
kò sì ra òmíràn títí ọlọ́jọ́ fi dé.
"Tàfá," á ní, "ìka mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?
Olúgbódi ni kó lọ máa wá kẹfà kiri."
Níbi tó yẹ kí ohùn ńlá yẹn ti dún,
á fi àyè sílẹ̀, á fẹsẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbì.
Inú àyè yẹn la ti máa ń mí.

Ó ku ẹgbẹ́ kan, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ìbídàpọ̀ ló di gìtá mú, ọmọṣẹ́ fọkanáísà,
òróró mọ́tò ṣì wà léèékánná ẹ̀.
Ó tọwọ́ bàpò, ó yọ ẹ̀mú,
ó já wáyà tó nípọn jù, ó sọ ọ́ sílẹ̀.
Ẹnìkan pariwo pé ó ń ba nǹkan onínǹkan jẹ́.
Ta ló sọ fún un?
Wọn ò tíì bí i nígbà ìkómọ Ìkirun.

Ó ta á.
Nígbà tó kan àyè yẹn, ó dúró,
ó dà bí ẹni tó gbàgbé.
Sìfáwù, opó Líàdì, tó ti ń tòògbé láti ìrọ̀lẹ́,
kò lajú.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló gbéra,
gbì.
Àrínọlá gbójú kúrò lórí fóònù,
ó ń wá ohun tó dún.

Inú ike ọ̀dà tí wọ́n fọ̀ ni wọ́n ti ka owó.
Ó tó fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.
A pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ńkọ́?
Ẹnikẹ́ni ò bi alága, èmi náà ò bi í.

Nígbà tí wọ́n ń kó bẹ́ǹṣì, mo bẹ̀rẹ̀,
mo he wáyà náà, mo ká a sápò.
Mo ní màá pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ mi.
Lórí ọ̀kadà, títí a fi kọjá Ọjà Ọba,
ó ń gún mi nítan
níbikíbi tí títì bá ti gbẹ́ kòtò.